Kernel Wo Ló Tọ́ sí Ohùn Ìyá Àgbà?

Lọ́jọ́ tí àwa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ gba oríkì ìdílé wa sílẹ̀ lẹ́nu Ìyá Àgbà, láptọ́ọ̀pù kan tó ń lo Linux àti máìkì kan la mú dání. Ìyá ki oríkì fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n ní àwọn ti ṣe tiwọn.

Ìgbà tá a délé la tó gbọ́ ọ. Táà! Ó tún ṣe díẹ̀, táà! Ohùn ń já. Èyí tó dùn wá jù ni ibi tí wọ́n ti dárúkọ bàbá tó bí ìyá wọn. “Àkàn…” nìkan ló kù níbẹ̀. Ṣé Àkànní ni, àbí Àkànbí, àbí Àkànjí? Bàbá wa gan-an ò mọ̀.

A kọ́kọ́ dá máìkì lẹ́bi. A pààrọ̀ wáyà, táà ò lọ. Nígbà tó yá la wá rántí kernel, ohun tá a kọ́ ní yunifásítì tá a sì ti gbàgbé. Bí alága ìjókòó níbi ìdána ni kernel rí: òun ló ń sọ ẹni tó kàn láti lo processor. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejìdínláàádọ́ta ẹgbẹ̀rún (48,000) ni ẹ̀rọ wa ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì ní kó máa kó o wọlé ní 64, 64. Ìyẹn ni pé milisẹ́kọ́ńdì kan àti díẹ̀ péré ló wà láàárín ìkówọlé kan sí èkejì. Tí kernel bá ń dá Wi-Fi lóhùn lásìkò yẹn, tí kò dé ọ̀dọ̀ wa lásìkò, ohùn já nìyẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú wa. Àkọ́kọ́, ká fi kernel tó wà nílẹ̀ sílẹ̀, ká kàn fi “preempt=full” àti “threadirqs” kún àṣẹ tí GRUB fi ń gbé e dìde. Ìkejì, èyí tí Ubuntu pè ní lowlatency. Ìkẹta ni ọ̀gá wọn, PREEMPT_RT, tó wà lẹ́yìn òde Linux fún bí ogún ọdún kó tó wọlé tán sínú 6.12, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024.

Ẹ mọ èyí tá a mú. Ọmọ kọ̀ǹpútà ni wá, ojú wa tóbi. Lórí Debian, “apt install linux-image-rt-amd64” ti tó. A tún un tàn, ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri. Driver káàdì fídíò wa ò fẹ́ bá kernel yẹn ṣiṣẹ́. Ohun tó yọ wá ni pé a ò tíì pa kernel àtijọ́ rẹ́, a sì mú un padà látinú GRUB. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ti àtijọ́ rẹ́ láé.

Nígbà tá a jókòó, tí ara balẹ̀, la wá bi ara wa ní ìbéèrè tó yẹ ká ti bi tẹ́lẹ̀: kí la fẹ́ fi 64 ṣe gan-an? Ẹni tó ń tẹ dùùrù, tó sì ń gbọ́ ara rẹ̀ padà nínú headphone, ló nílò ẹ̀. Tó bá pẹ́ jù, ọwọ́ àti etí rẹ̀ máa jà. Ìyá ò wọ headphone kankan! Ká ní a lo 1024 ni, kernel á ní milisẹ́kọ́ńdì mọ́kànlélógún láti fi mí, ó sì ṣeé ṣe kí ohùn má já rárá. Real-time kì í ṣe eré sísá. Kẹ́ni má yẹ àdéhùn ni. Àwa la fún ẹ̀rọ ní àdéhùn tí kò pọn dandan.

A padà lọ. Kernel àtijọ́, preempt=full, threadirqs, 1024. A fi orúkọ ara wa sínú ẹgbẹ́ audio, a fún un láyè rtprio 95, torí láìsí àyè yẹn, ètò tá a fi ń gba ohùn ò lè bọ́ síwájú àwọn tó kù. A pa Wi-Fi. A béèrè orúkọ náà.

“Àkànjí ni,” Ìyá ní. “Àbí ẹ̀rọ yín ò gbọ́ Yorùbá ni?”

Wọ́n tún oríkì náà kì, táà kankan ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fò ó. A ò béèrè. Fáìlì méjèèjì la tọ́jú, èyí tó mọ́ àti èyí tó ń já.