Mo Sùn Ní Ìlú Tí Kò Sí Rí

Afárá kan wà ní Sun City, ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, tí ó máa ń mì tìtì láti ìgbà dé ìgbà. Èéfín á máa rú, ilẹ̀ á máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, àwọn ọmọdé á pariwo, àwọn òbí wọn á máa ya fọ́tò. Ìmìtìtì ilẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣeré. Wọ́n ní irú rẹ̀ ló pa ìlú ńlá kan run níbẹ̀ láyé àtijọ́, àti pé ààfin ọba ìlú náà ni wọ́n tún kọ́, tí ó wá di òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní Palace of the Lost City, ìyẹn Ààfin Ìlú Tó Sọnù. Òru mẹ́ta ni mo fi sùn ní ààfin yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òótọ́: ibẹ̀ dára. Ère erin tó wà nínú ilé náà tó erin gidi. Etíkun wà níbẹ̀, pẹ̀lú iyanrìn àti ìgbì omi tí ẹ̀rọ ń rú sókè, bẹ́ẹ̀ òkun gan-an jìnnà sí ibẹ̀ ju kìlómítà 500 lọ. Oúnjẹ àárọ̀ wọn kì í ṣe kékeré. Ní ti ilé tẹ́tẹ́, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Ariwo ẹ̀rọ àti ojú àwọn tí kò rí oorun sùn ni mo bá níbẹ̀.

Àmọ́ tẹ́tẹ́ yìí ló bí gbogbo rẹ̀. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ka ilé tẹ́tẹ́ léèwọ̀. Ìjọba kan náà gé lára ilẹ̀ àwọn Tswana, ó pè é ní Bophuthatswana, nígbà tó di 1977, ó ní ó ti gba òmìnira. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ní orílẹ̀-èdè mìíràn ni, òfin tó de tẹ́tẹ́ kò dé ibẹ̀. Sol Kerzner, oníṣòwò òtẹ́ẹ̀lì, ṣí Sun City síbẹ̀ ní 1979, àwọn aláwọ̀ funfun sì ń wa ọkọ̀ fún bíi wákàtí méjì láti Johannesburg kí wọ́n lè wá ṣe ohun tí òfin wọn kò gbà nílé. Ní 1985, àwọn olórin bíi Miles Davis àti Bruce Springsteen pawọ́ pọ̀ ṣe àwo orin kan láti fi kéde pé àwọn kò ní ṣeré níbẹ̀. Ààfin tí mo sùn sí kò tíì sí nígbà náà. 1992 ni wọ́n ṣí i, ọdún méjì kí Bophuthatswana tó pa rẹ́.

Ìtàn tí wọ́n fi ṣe ààfin yìí lọ́ṣọ̀ọ́ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní àwọn aṣíkiri kan láti àríwá Áfíríkà ló tẹ ìlú náà dó. Èé ṣe tó fi jẹ́ àríwá? A ti gbọ́ irú àlọ́ yìí rí. Nígbà tí àwọn òyìnbó rí ògiri òkúta Great Zimbabwe, àwọn kan nínú wọn ní àwọn ará Fòníṣíà ló kọ́ ọ. Nígbà tí Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, rí orí idẹ Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, Atlantis, ìlú inú ìtàn tí wọ́n ní ó rì sínú òkun, ló gbé ògo rẹ̀ fún. Ẹnikẹ́ni lè kọ́lé ní Áfíríkà àfi ẹni tó ni ilẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó hun ìtàn òtẹ́ẹ̀lì yìí má ní èrò burúkú kankan lọ́kàn. Owó ni wọ́n ń wá.

Mo bi obìnrin tó ń tún yàrá mi ṣe bóyá ìlú kankan wà níbẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó pè mí ní "rra", bí àwọn Tswana ti ń pe ọkùnrin tí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún. Ó ní, "Rárá, rra. Mo ti ń lọ sí iléèwé nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ." Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ògiri òkúta àwọn baba ńlá òun wà lórí òkè kan lápá ìwọ̀ oòrùn, níbi tí ẹ̀gbọ́n òun ti ń da ewúrẹ́.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí. Kaditshwene, olú ìlú àwọn Hurutshe tí wọ́n jẹ́ Tswana, wà ní ìpínlẹ̀ kan náà tí Sun City wà, lẹ́bàá Zeerust. Nígbà tí míṣọ́nnárì John Campbell dé ibẹ̀ ní 1820, ó fojú bù ú pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ tó 16,000. Wọ́n ń rọ irin àti bàbà, òkúta ni wọ́n sì tò léra láìlo amọ̀ láti fi ṣe odi agbo ilé wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ogun fi tú ìlú náà ká. Òkúta rẹ̀ wà nínú igbó títí di òní. Ìlú tó sọnù nìyẹn, a sì mọ ẹni tó ni ín. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo lò ní òtẹ́ẹ̀lì náà, n kò rí ibì kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Kí a tó máa dá wọn lẹ́bi, Ọ̀yọ́-Ilé ńkọ́? Ogun ló tú òun náà ká, ní àwọn ọdún 1830. Àwókù odi rẹ̀ àti àpáàdì rẹ̀ wà nínú Old Oyo National Park, láìsí afárá tó ń mì tàbí ìgbì omi tí ẹ̀rọ ń rú. Àwọn ojúlùmọ̀ mi tó ti sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá ní Dubai pọ̀ débi tí n kò lè kà wọ́n tán. Àwọn tó ti fi ojú ara wọn rí Ọ̀yọ́-Ilé nínú wọn kò pé márùn-ún, ọdẹ sì ni méjì.