Jíìpù Tí Yóò Gun Òkè Ilé Wa

Ọ̀nà tó dé ilé wa ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn kò ní ọ̀dà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀kọ́kọ̀ ló lè gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n bí oṣù Kẹfà bá dé, tí òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, amọ̀ pupa orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Bí iṣẹ́ alẹ́ bá kàn án, ó gbọ́dọ̀ ti dé wọ́ọ̀dù kí aago méje tó lù, nítorí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà ní ọmọ tó ń dúró dè é nílé. Kì í ṣe fáàrí ló sún wa dé ìdí jíìpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Jíìpù ni gbogbo wa ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kékeré ni ìyá tó bí wọn. Toyota RAV4 ló ṣáájú ní 1994. Honda kọ́ CR-V lé ìdí Civic ní 1995, Subaru sì yọ Forester jáde láti ara Impreza ní 1997.

Forester ni ọkàn mi kọ́kọ́ fà sí, torí pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí nígbà gbogbo. Mẹkáníìkì wa kò bá mi jiyàn. Ó kàn béèrè pé, “Ọ̀gá, ọkọ̀ gidi ni o. Bó bá bàjẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, níbo lẹ ti máa rí pááàtì rẹ̀ kó tó di Mọ́ńdè?” Mo lọ wo ọjà Aráròmí ní Géètì. Ti Toyota àti Honda pọ̀ lọ súà. Ti Subaru, mo rìn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ọ̀rọ̀ Forester parí síbẹ̀.

Ó wá ku CR-V àti RAV4. CR-V ọdún 2007 sí 2011 ń fi ẹsẹ̀ iwájú rìn; ìgbà tí ìyẹn bá ń yí lásán ni agbára tó máa ń dé ẹ̀yìn. RAV4 ìgbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ ó ní bọ́tìnnì kan tí awakọ̀ lè tẹ̀ kí ó tó kan ẹrẹ̀, tí ẹ̀yìn yóò sì máa bá iwájú ṣiṣẹ́ títí ọkọ̀ yóò fi sáré kọjá nǹkan bí 40 kìlómítà ní wákàtí kan. Lójú tèmi, bọ́tìnnì yẹn ju gbogbo ọ̀ṣọ́ inú ọkọ̀ lọ.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtà gbọ́ o. Ọ̀pọ̀ RAV4 àti CR-V tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: bí kò bá sí ọ̀pá irin gbọọrọ tó ti iwájú lọ dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ẹ máa lọ. Méjì nínú mẹ́rin tí a yẹ̀ wò ló rí bẹ́ẹ̀.

Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ RAV4 ẹlẹ́ńjìnnì 3.5. Ti 2.5 tó wa. Ọ̀rọ̀ táyà ló wá gbà wá lọ́kàn. Irú ọkọ̀ yìí kò fẹ́ táyà àlòkù tí a ń rà lẹ́yọ lẹ́yọ. Bí ọ̀kan bá jẹ ju ìyókù lọ, irin tó ń pín agbára yóò máa ṣiṣẹ́ àṣekú.

Ìyàwó mi ló tún bi mí pé, “Ṣé ẹ ti rò ó pé ìsàlẹ̀ ni mo máa ń lọ nírọ̀lẹ́?” Òótọ́ ni. Orí òkè ni ilé wa wà. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rin lè tì yín gun òkè, ṣùgbọ́n kò lè ran bíréèkì lọ́wọ́ bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Táyà nìkan ló ń di ilẹ̀ mú níbẹ̀.

Bí a ṣe fi RAV4 2012 tó wù mí sílẹ̀ nìyẹn, tí a mú ti 2010, tí a sì fi owó tó ṣẹ́ kù ra táyà tuntun mẹ́rin tí ojú wọn jinlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ alẹ́, ọwọ́ ìyàwó mi ni kọ́kọ́rọ́ ń wà. Èmi a máa wọ Micra lọ sí ọ́fíìsì.