Ọ̀gá Ńlá, Ọ̀gá Kékeré

Iṣẹ́ méjì ni ọmọ tí àbúrò mi obìnrin bí wá fi lọ̀ mí ní oṣù kẹta ọdún yìí, ṣùgbọ́n ìwé kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé náà ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kan wá ní Glo-Djigbé, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kajú. Iṣẹ́ kejì kò ní ìwé: ọ̀gá ajórin tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ níhìn-ín ní Bassila ni ó fi ẹnu sọ pé kí ó dúró ti òun. Ó gun alùpùpù láti Manigri wá, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní, “Bàbá, èwo ni ẹ rò pé kí n mú?”

Kajú ni owó agbègbè wa. Láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún, ilé tí kò ní àpò kajú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ̀wọ́n. Nígbà kan rí, bí a bá ti ṣà á tán lábẹ́ igi, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e lọ sí Íńdíà láìfọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba ti fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì fọ́ jáde ní Benin. Glo-Djigbé, tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 45 sí Cotonou, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ báyìí. Kajú wa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, àwọn ọmọ wa sì ń tẹ̀lé e.

Ìyá ọmọ náà ti yọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Owó tí ó wà nínú ìwé náà ju 52.000 sẹ́fà lọ, iye tí òfin ní kò gbọdọ̀ dín láti ọdún 2023. Wọn yóò sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CNSS, kí ó lè rí owó ìfẹ̀yìntì gbà. Ta ni kò ní yọ̀?

Èmi náà ti yọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akọ̀wé owó ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Cotonou. Ìwé owó ọkọ̀ nìkan ni mo ń kọ, láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ọdún bá parí tí wọ́n sì ń ṣírò èrè àti àdánù, yàrá mìíràn ni wọ́n ti ń ṣe é, wọn kì í pè mí. Nígbà tí mo padà wálé tí mo sì bá oníṣòwò kajú kan ṣiṣẹ́, àwa mẹ́ta péré ni òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní ìgbà kajú àkọ́kọ́, mo wọn kajú, mo sanwó fún àwọn àgbẹ̀, mo bá awakọ̀ jà, mo lọ sí ọ́fíìsì owó orí, mo kọ ìwé ẹ̀yáwó sí báǹkì. Ibẹ̀ ni mo ti di oníṣirò owó ní ti gidi.

Àmọ́ ní ọdún kẹta, ilẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù já lu ẹsẹ̀ mi. Oṣù méjì ni mo fi jókòó sílé láìgba owó oṣù. Mo lọ sí CNSS, orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá mi kò san kọ́bọ̀ rí. Ènìyàn rere ni. Ó gbé iṣu wá kí mi lẹ́ẹ̀mejì. N kò lè fi iṣu sanwó oníṣègùn.

Nítorí náà, n kò dá ọmọ náà lóhùn kíákíá. Mo ní kí ó ka ìwé náà sí mi létí. Oṣù méjìlá ni àdéhùn náà. Àbúrò mi rò pé bí oṣù méjìlá bá pé, iṣẹ́ náà di ti ayérayé. Mo sọ fún un pé Òfin 2017-05, ti oṣù kẹjọ ọdún 2017, gba ọ̀gá láàyè láti máa tún irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣe léraléra, láìní iye kan pàtó, kí òṣìṣẹ́ má sì di ti ayérayé láé. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé ni ṣá. Ti Bassila dà?”

Ó mú mi níbẹ̀.

Mo bi ọmọ náà ohun tí ó ń ṣe ní ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ó ní òun ni òun ń wọn irin, òun ń gé e, òun ń jó o, òun sì tún ń bá oníbàárà dúnàádúrà, ìbáà jẹ́ ilẹ̀kùn tàbí ẹ̀rọ ìrẹ́gẹ̀ẹ́. Mo ní bí wọ́n bá máa fi í sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Glo-Djigbé, kí ó lọ, nítorí kò lè rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Bassila. Bí ó bá jẹ́ pé yóò kàn dúró ti kajú tí ń kọjá ni, kí ó má lọ. Ó pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní bí ó bá dé ni wọn yóò sọ ibi tí wọn yóò fi í sí, kí ó sì dáhùn kí Ọjọ́bọ̀ tó kọjá.

A jọ lọ bá ọ̀gá ajórin. Mo ní kí ó kọ àdéhùn, kí ó sì fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ ní CNSS. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó béèrè iye tí yóò ná òun. Mo ní òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń san 3,6 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpín ti ọ̀gá ni ó wúwo jù. Ó ní kí a padà wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀.

Ọmọ náà jẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ kọjá. Ní ọjọ́ kejì, a bá ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú bírò àti ìwé ìṣirò níwájú rẹ̀. Títí di òní, ó ṣì ń ṣírò. Àbúrò mi kò sì tíì kí mi.