Mọ́tò Mi Nínú Oòrùn Ọlọ́runṣògo

Oòrùn oṣù Mááṣì ní Ọlọ́runṣògo, lẹ́bàá Ìbàdàn, kì í ṣe ti àwàdà. Mo lọ kí àwọn àna mi níbẹ̀, mo gbé mọ́tò sí gbangba. Nígbà tí mo padà dé ìdí rẹ̀, sitiárìn kò ṣeé dì mú. Àga gbóná bí agbada àkàrà.

Bàbá kan rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá tíṣà, ẹ kò rí igi máńgòrò ni?” Mo rí i; ìgbẹ́ ẹyẹ ni mo sá fún. Bàbá gé imọ̀ ọ̀pẹ, ó fi bo gíláàsì iwájú láti ìta. Ọgbọ́n ńlá ni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa gba inú gíláàsì wọlé, dáṣíbọ́ọ̀dù dúdú a gbé e mì, ooru a sì há sínú. Oòrùn yìí náà ni ó ń mú dáṣíbọ́ọ̀dù sán, tí aṣọ àga fi ń ṣá. Ní ìgboro, páálí tí ń dán náà dára.

Nígbà tí mo tún lọ, ọmọ mi sùn sí àga ẹ̀yìn. Mo ní kí n ṣí fèrèsé díẹ̀, kí n fi í sílẹ̀. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni mo kà pé àwọn oníṣègùn Stanford, ní Amẹ́ríkà, ti wọ̀n ọ́n ní 2005: láàárín wákàtí kan, ooru inú mọ́tò fi nǹkan bíi 22°C lé sí i, ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ kò sì ràn án. Ní Dìsẹ́ḿbà 2021, òkú ọmọ mẹ́jọ ni a bá nínú mọ́tò àpatì kan lọ́nà Badagry, l'Ékòó.

Mo gbé ọmọ mi wọlé. Oorun náà kò tilẹ̀ dá lójú rẹ̀.