Yìnyín kọ́ ló wọ́n, físà ni

Ẹni tó bá ń gbé Ìkọ̀tún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá, tó fẹ́ dá lọ ṣeré síkì ní Yúróòpù pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́, kó má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wá hòtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú. Àwọn òyìnbó ló máa ń gbani nímọ̀ràn pé ká ti hòtẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, torí kò sí físà lọ́rùn tiwọn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni físà Schengen, tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, fún àgbàlagbà, wọn kì í sì í dá owó náà padà bí wọn ò bá fúnni ní físà. Ìnṣọ́ránsì tó lè gbé ìnáwó 30,000 yúrò tún ń bẹ níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé báńkì. Owó ti ń lọ kí ẹsẹ̀ tó kúrò ní Alímọ̀ṣọ́.

Àwọn kan á ní yìnyín kì í ṣe tiwa. Irọ́ ni: Simidele Adeagbo ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní 2018, Samuel Ikpefan sì ṣe síkì fún wa ní Beijing ní 2022. Àwọn mìíràn á ní kónítọ̀hún yáa lọ Kútọnu, níbi tí àdéhùn ECOWAS ti 1979 ti fún un láyè 90 ọjọ́ láìgba físà. Kò sí yìnyín ní Kútọnu o! Síbẹ̀, òǹtẹ̀ ibodè Sẹ̀mẹ̀ nínú pásípọ́ọ̀tù ń jẹ́rìí fún àwọn tó ń fúnni ní físà pé ẹni náà máa ń lọ, ó sì máa ń padà wálé. Ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má sanwó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kí físà tó jáde.