Gbólóhùn Keje

Gbólóhùn keje ló dá wa dúró. Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìpàdé àwọn àgbàlagbà ni a wà, nítòsí Green Lanes ní àríwá Lọ́ńdọ́nù, níbi tí òórùn búrẹ́dì gbígbóná àti ẹran sísun ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé. Màmá tó jókòó síwájú wa wé ìborùn funfun, ife tíì kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, hóró ṣúgà méjì sì wà létí àwo. Ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ Túrkì, ń ka fọ́ọ̀mù fún un: "Ó ṣeé ṣe kí ojú mi fọ́ nítorí àtọ̀gbẹ." Màmá gbé ife kalẹ̀. Ó fi ìka kan tábìlì onígi náà gbà, gbà, gbà, ó ní, "Allah korusun."

Ẹ má wulẹ̀ wá ìwé atúmọ̀ èdè. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ni. Màmá kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́. Àpótí márùn-ún ló wà níwájú gbólóhùn yẹn, láti "n kò gbà rárá" títí dé "mo gbà pátápátá", kò sì sí èyí tí èèyàn lè kọ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" sí nínú wọn.

Iṣẹ́ mi nìyẹn, ó ti lé lógún ọdún báyìí: kí n mú ìwé ìbéèrè tí wọ́n ṣe fún aláìsàn ní èdè kan, kí n rí i pé ó wúlò ní èdè mìíràn. Nọ́ọ̀sì ni mí tẹ́lẹ̀. Ti Yorùbá, èmi fúnra mi ni mo máa ń túmọ̀ rẹ̀. Ní ti àwọn èdè yòókù, mo máa ń wá atúmọ̀, mo máa ń pe ìpàdé, mo sì máa ń jókòó sí igun yàrá nígbà tí wọ́n bá ń dán ìwé náà wò. Èdè Túrkì tí mo gbọ́ kò ju èyí tí mo fi ń ra tòmátò lọ, ṣùgbọ́n ẹnì kejì mi kò jẹ́ kí n sùn lórí rẹ̀. Abla ló máa ń pè mí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin.

Ibi tí irú ìwé ìbéèrè tí a kà fún màmá ti ṣẹ̀ jìnnà sí Green Lanes. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìjọba Amẹ́ríkà ń fi ọkọ̀ gbé ẹ̀rọ X-ray kiri àdúgbò kí àwọn èèyàn lè yẹ àyà wọn wò nítorí ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì dé ẹnu ọ̀nà wọn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kò yọjú. Godfrey Hochbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbẹ̀, tí Irwin Rosenstock wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìdí. Ìwé Hochbaum jáde ní 1958. Ẹni tó bá gbà pé àrùn náà lè mú òun, tó sì gbà pé àyẹ̀wò máa ṣe òun lóore, ni ó máa ń wá. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn ìbéèrè tó di òpó irú ìwé yìí: ṣé ó lè mú mi? Ṣé ó le? Kí ni màá rí jẹ nínú ìtọ́jú? Kí ló ń dí mi lọ́wọ́? Ní 1988 ni Rosenstock àti àwọn méjì mìíràn fi ọ̀kan kún un tó yẹ kó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé ṣé mo tilẹ̀ gbà pé mo lè ṣe é.

Kò yani lẹ́nu pé àwọn olùtọ́jú àtọ̀gbẹ gbé e mọ́ra. Àìsàn tí aláìsàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ni, láti orí oúnjẹ àárọ̀ dé orí bàtà tó wọ̀. Ó sì ti kún Túrkì. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní TURDEP rí àgbàlagbà bíi méje nínú ọgọ́rùn-ún tó ní in ní 1997 sí 1998. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2010, ó ti lé ní mẹ́tàlá. Ní 2007, Asiye Kartal àti Süheyla Altuğ Özsoy tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí bí wọ́n ṣe dán irú ìwé ìbéèrè yìí wò lédè Túrkì láàárín àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Túrkì ni wọ́n ti ṣe tiwọn, fún àwọn ará Túrkì. Ní Lọ́ńdọ́nù, "ẹni tó ń sọ Túrkì" lè jẹ́ ará Sáípírọ́ọ̀sì tó ti wà níbí láti ìgbà èwe, ó sì lè jẹ́ Kọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé ilé ìwé ló ti kọ́ Túrkì. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa ní kí àwa ṣe tiwa.

Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ yìí, ọba nínú ọ̀nà tí à ń gbà ni títúmọ̀ padà. Richard Brislin ló sọ ọ́ di olókìkí ní 1970, lẹ́yìn tó lo èèyàn 94 tó gbọ́ èdè méjì-méjì ní Yunifásítì Guam, tí èdè mẹ́wàá wà láàárín wọn. Ẹnì kan á túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì, ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, a ó wá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Tó bá padà wá bó ṣe lọ, a ó sanwó fún wọn, a ó lọ sílé. Ní 2000, Dorcas Beaton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìlànà kan tó ní ká tún fi ìwé náà lọ èèyàn ọgbọ̀n sí ogójì ká tó fọwọ́ sí i, ká sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀. Apá yẹn ni àwọn olówó tó ń sanwó iṣẹ́ kọ́kọ́ máa ń gé nígbà tí owó bá kéré. Mo ti bá wọn gé e rí, n kò ní purọ́.

Gbólóhùn keje, kò sí bí ẹ ṣe máa dá a padà tí kò ní dán. Ti Gẹ̀ẹ́sì tó padà dé bá ti àkọ́kọ́ mu bí ìbejì. Ohun tí ìyẹn fi hàn ni pé atúmọ̀ méjì tó lọ sí yunifásítì gbọ́ ara wọn yé. Ó sì yẹ kí n ti fura, nítorí Yorùbá ni mí. Ta ni nínú wa tí wọ́n máa ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé "ojú mi lè fọ́", tí kò ní kọ́kọ́ gbàdúrà?

Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Lójú ìwé àkọ́kọ́, a kọ inançlar, ìgbàgbọ́. Bàbá kan wò ó, ó ní, "Mùsùlùmí ni mí, kí lẹ tún fẹ́ mọ̀?" Ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ bi ará Ìbàdàn nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ ló máa sọ fún yín. A yí i sí düşünceler, èrò. A mú diyet kúrò fún àwọn àgbà, a fi perhiz tí wọ́n mọ̀ rọ́pò rẹ̀. Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni òdì wọn. Uyarsam ni "bí mo bá tẹ̀ lé e", uymazsam ni "bí n kò bá tẹ̀ lé e". "Kò" tiwa máa ń dá dúró níta gbangba. Tiwọn sá pamọ́ sí àárín ọ̀rọ̀. Etí tó ti ń di kò bá a níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn tí wọ́n gbà pátápátá pé bí èèyàn kò bá ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀, ara rẹ̀ á le. A kó gbogbo òdì kúrò.

Ọ̀rọ̀ ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ kò gbà wá lákòókò. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, Ọdún Ṣúgà, Şeker Bayramı, ni ọ̀pọ̀ wọn ń pè é. Ta ni yóò wọ ilé èèyàn lọ́jọ́ yẹn kó ní òun kò mú nǹkan dídùn?

A padà sórí keje. Àwọn kan ní ká sọ pé "ojú ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè fọ́". Gbogbo èèyàn ló máa gbà, nítorí ojú ẹlòmíràn ni, bẹ́ẹ̀ ohun tí Hochbaum ń wá ni "mi" yẹn gan-an. Ẹnì kejì mi ló rí ọ̀nà. Ó sọ ọ́ di ìbéèrè, ó sì fi sizce bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, "lójú tiyín", siz tí wọ́n ń fi bọ̀wọ̀ fún àgbà bí àwa ṣe ń lo "ẹ". Báyìí, ẹni tó ń bèèrè ló gbé ọ̀rọ̀ burúkú náà sẹ́nu, màmá kàn ń dáhùn ni. Ó tún fẹ́ kí Allah korusun ṣáájú rẹ̀ lórí ìwé. Àwọn olówó kọ̀, wọ́n ní fọ́ọ̀mù ìwádìí kì í gbàdúrà. A kọ ọ́ sínú ìtọ́ni fún àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù fún aláìsàn, ìtọ́ni tí wọn kì í kà.

Màmá oníborùn funfun dáhùn nígbà tí a padà lọ. "Olabilir," ó ní. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì tún kan igi.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé ti Yorùbá fún mi. Ọgbọ́n ti kún orí: "èrò" ni mo kọ sójú ìwé, mo fi "lójú tiyín" bẹ̀rẹ̀ ìkeje, n kò fi òdì kankan síbẹ̀. Bàbá kan ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ́nù, gbọ́ ọ tán. Ó yí ọwọ́ ká orí, ó ta ìka dànù síta fèrèsé. "Kò ní jẹ́ ìpín mi o. Nọ́ọ̀sì, ẹ má bi mí ní irú ẹ̀ mọ́."

Mo jáde sí kọ́rídọ̀, mo pe ẹnì kejì mi. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Abla," ó ní, "ṣé keje ni?"