Orúkọ Tí Mo Sọ Òjò

Bàbá tó ń ka ìwọ̀n òjò ní ibùdó wa kò mọ kọ̀ǹpútà í lò, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí àṣìṣe mi. Mo tẹ gíráàfù òjò ọdún mẹ́wàá sórí bébà, mo ní kí wọ́n bá mi wò ó. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n fi ìka tọ ìlà náà lọ, wọ́n dúró lójijì.

"Ìwọ ọmọ yìí, oṣù wo lo kọ síbí?"

"Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008 ni, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọ̀dá wo ló dá nínú oṣù Kẹsàn-án? Èmi tí mo ń wọ bàtà rọ́bà lọ sídìí ìgò òjò láràárọ̀!"

Mo wò ó. Ìlà náà ti wálẹ̀ pátápátá. Ní oṣù Kejì ọdún 2006 ẹ̀wẹ̀, ó ga fíofío. Ẹni tó bá dàgbà n'Ìbàdàn mọ̀ pé òjò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń wà láti oṣù Kọkànlá títí di nǹkan bí oṣù Kẹta. Òjò a wá máa rọ̀ títí dé oṣù Keje, a sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, a sì tún padà dé ní oṣù Kẹsàn-án.

Nígbà tí mo fẹ́ ya gíráàfù náà, iṣẹ́ rẹ̀ kò jọ iṣẹ́ lójú mi. Fáìlì ọgọ́fà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oṣù kan, láti oṣù Kìíní ọdún 2006 dé oṣù Kejìlá ọdún 2015. Èmi fúnra mi ni mo sọ wọ́n lórúkọ: ojo1.csv, ojo2.csv, títí dé ojo120.csv. Ta ni yóò máa ṣí fáìlì ọgọ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan? Mo fi Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ lúùpù kékeré kan, ìyẹn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tún ṣe léraléra: kí ó kó gbogbo fáìlì inú fódà náà jọ, kí ó tò wọ́n, kí ó ṣí wọn ní ìtẹ̀léra, kí ó ro òjò inú ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀. Ó parí rẹ̀ kí n tó mu omi tán. Kò pariwo àṣìṣe kankan, inú mi sì dùn.

Ibi títò yẹn ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Lójú tèmi, 2 ló tẹ̀lé 1. Lójú kọ̀ǹpútà, ojo10.csv kì í ṣe nọ́ńbà, orúkọ ni. Bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ sínú ìwé atúmọ̀ èdè ló ṣe ń to orúkọ, àmì kan lẹ́yìn òmíràn, láti apá òsì. Ohun tí 1 bá ṣíwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kí èyí tí 2 ṣíwájú rẹ̀ tó wọlé. Ojo1 wọlé, ojo10 tẹ̀lé e, ojo100 tún tẹ̀lé ìyẹn. Fáìlì 32 ló kọjá kí ó tó kan ojo2. Ipò 33 nínú gíráàfù mi sì ni oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008: ẹ̀ẹ̀rùn oṣù Kejì ọdún 2006 ni mo gbé síbẹ̀. Òjò oṣù Kẹwàá wá lọ jókòó sórí oṣù Kejì.

Ní èdè wa, orúkọ nọ́ńbà máa ń sọ ibi tó dúró sí: ẹni tó bá pe mọ́kàndínlógún ti pe ogún. Orúkọ tí mo sọ fáìlì mi kò sọ nǹkan kan fún ẹ̀rọ. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi ò wo ilé tí àwọn ọmọ mi ń lọ. Bí mo bá ti fi òdo ṣíwájú, ojo001, ojo002, ojo010, gbogbo wọn ì bá gùn dọ́gba, ẹ̀rọ ì bá sì tò wọ́n bó ṣe yẹ.

Ọ̀nà kejì ni mo padà gbà. Mo ní kí lúùpù fúnra rẹ̀ ka 1 dé 120, kí ó máa fi nọ́ńbà náà ṣe orúkọ fáìlì tí yóò ṣí. Níbẹ̀, range(1, 121) ni a ń kọ, nítorí Python kì í dé orí nọ́ńbà ìkẹyìn. Ẹni tó bá kọ 120 ti sọ oṣù Kejìlá ọdún 2015 nù, kò sì sí ẹni tí yóò ké sí i. Ohun tó wù mí nínú ọ̀nà yìí ni pé bí fáìlì kan bá sọnù, ẹ̀rọ yóò pariwo, yóò sì dúró. Lúùpù mi àkọ́kọ́ ì bá kàn sún àwọn tó kù síwájú ni, kí ó sì dákẹ́.

Bí lúùpù ṣe ń sọ iṣẹ́ kan di ọgọ́fà náà ló ń sọ àṣìṣe kan di ọgọ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ ọ́ lónìí, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn fáìlì náà sí yín létí bí ó ṣe fẹ́ ṣí wọn, kí ẹ tó ní kó ṣírò. Bí ó bá sì ṣírò tán, ẹ gbé e fún ẹni tí òjò ti pa.